Mo rí àṣá funfun lórí òpó iná: ṣé àfín ni, àbí bí irú tiẹ̀ ṣe rí nìyẹn?

Ìyá Ìbejì (Maryland)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Aago méje àárọ̀ la máa ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa, ó sì tó ogójì ìṣẹ́jú kí n tó délé ní Frederick. Kí oorun má baà gbé mi lọ lórí títì márosẹ̀ I-70, mo ti sọ ọ́ di àṣà láti máa ka àṣá. Bẹ́ẹ̀ ni, àṣá. Ní ìgbà òtútù tí igi bá ti wọ́wé tán, ẹ ó rí wọn lórí òpó iná àti lórí igi ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n á ran ìyẹ́ wọn sókè bí ìyá arúgbó tó fi ìborùn bo ara, wọ́n á máa wo koríko ìsàlẹ̀ bóyá èkúté kan á yọjú. Lọ́jọ́ tó bá dáa mo lè ka mẹ́fà tàbí méje. Ọjọ́ kan wà ní oṣù January tí mo ka mọ́kànlá, mo délé tán ni mo tó rántí pé ó yẹ kó ti rẹ̀ mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ọ̀tá ni mo fi àṣá ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, iṣẹ́ àwa ọmọdé ni ká máa lu agolo tí ìyá àgbà bá ti lọgun pé “àṣá!” Ọdún kan ni ìyá àgbà po àwọ̀, ó kun gbogbo ọmọ adìẹ rẹ̀ ní àwọ̀ èsè àlùkò, torí wọ́n ní àṣá ò ní dá wọn mọ̀. Àṣá gbé méjì nínú wọn níṣojú wa. Ṣé èmi náà ló wá ń dúró létí títì nínú òtútù nítorí àṣá!

Lọ́jọ́ Thursday tó kọjá, mo ti ka mẹ́rin. Mo wá rí nǹkan funfun kan ní ṣóńṣó òpó iná, níbi tí ọ̀nà ti yà sí (mo ti yọ orúkọ ibẹ̀ kúrò, ẹ wo ohun tí Àkànbí sọ nísàlẹ̀). Mo ní ọ̀rá ni atẹ́gùn gbé kọ́ síbẹ̀. Mo tún ní lékeléke ni, èmi tí mo mọ̀ dáadáa pé lékeléke ò ní dúró de yìnyín ní ìlú yìí. Àfi bó ṣe yí orí, tí mo rí ẹnu rẹ̀ tó tẹ̀ kọrọdọ. Àṣá ni, funfun báláú.

Mo jáde ní ẹ́síìtì tó tẹ̀ lé e, mo yí padà, mo lọ gbé ọkọ̀ sí ilé epo kan tó kọjú sí òpó náà. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi wò ó. Kì í ṣe gbogbo ara rẹ̀ ló funfun tán: ìyẹ́ méjì wà ní ìrù rẹ̀ tó pọ́n bíi bíríkì, àwọn tó kù funfun. Orí rẹ̀ ní èérún pupa rúsúrúsú díẹ̀díẹ̀, bíi pé ẹnì kan fẹ́ áásáà sí i lórí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bí ìyeyè bíi ti àwọn tó kù tí mo máa ń rí. Nígbà tó já bọ́ sínú koríko, tó tún gbéra pẹ̀lú nǹkan kékeré kan lẹ́sẹ̀, oòrùn gba inú ìyẹ́ apá rẹ̀ kọjá bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú léèsì. Mo fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ ní kí n fi hàn yín, ó rí bí ẹyin adìẹ tí wọ́n gbé ka orí igi.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ní snowy owl ni mo rí, òwìwí funfun tó máa ń ti apá àríwá wá. Àwọn ìbejì mi ní àfín ni. Mọ́mì mi, tí wọ́n wá kí wa láti ilé, ní, “Ẹyẹ òrìṣà ni, má fọwọ́ tọ́ka sí i mọ́.” Èmi ò mọ èyí tí n bá mú. Ta ló mọ̀ ọ́n nínú yín? Ṣé irú ẹyẹ mìíràn ni, àbí ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń kà lójoojúmọ́ tí àwọ̀ kàn bọ́ lára rẹ̀? Ṣé nǹkan ń ṣe é ni?

---

Àkànbí (Allentown)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ òru, ẹ sì kú oríire. Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń wo àṣá ní Pennsylvania níbí, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo tíì rí irú èyí tẹ́ ẹ rí yẹn.

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ bá mi yọ orúkọ ẹ́síìtì yẹn kúrò. Oṣù February la wà yìí, àsìkò tí wọ́n ń kọ́ ìtẹ́ ti dé. Tí ọ̀rọ̀ bá ta sí etí àwọn oníkámẹ́rà ńláńlá, ẹ ó bá ọkọ̀ ogún létí títì lọ́la, ẹnì kan á sì lọ dúró sábẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹyẹ tí wọ́n bá dà láàmú bẹ́ẹ̀ lè fi ìtẹ́ sílẹ̀ lọ.

Ó yá. Ìyẹ́ pupa méjì yẹn ti tú àṣírí rẹ̀. Red-tailed hawk ni, àṣá onírù pupa, ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tẹ́ ẹ máa ń kà lórí I-70. Òun ló pọ̀ jù nínú àwọn àṣá ńláńlá tó máa ń bà sórí òpó ní ẹ̀bá títì ní ìlú yìí. Kì í ṣe òwìwí. Òwìwí funfun máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa lóòótọ́ láwọn ọdún kan, wọ́n pọ̀ gan-an ní ìgbà òtútù 2013 wọ 2014, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ rí róbótó bí igbá, ojú rẹ̀ rí bí ìyeyè, ẹnu rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sínú ìyẹ́. Ẹyẹ tẹ́ ẹ rí ẹnu kọrọdọ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òpó, àṣá ni.

Ẹ ti mọ bí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ pé ṣe rí: ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí àwọ̀ ilẹ̀, àyà rẹ̀ funfun, ó wá dà bíi pé ó ró ọ̀já alámì dúdú mọ́ ikùn. Ṣùgbọ́n ìrù pupa tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, kò bí i mọ́ ọn. Ọmọ tó wà ní ọdún àkọ́kọ́, ìrù rẹ̀ dà bí àwọ̀ ilẹ̀, pẹ̀lú ilà wẹ́wẹ́ dúdú. Ìgbà tó bá pa ìyẹ́ dà lẹ́yìn ọdún kan ni pupa tó ń jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá ìrù pupa nìkan ń fi ọmọ ọdún rẹ̀ pe ẹyẹ mìíràn. Ohun témi máa ń wò ni abẹ́ apá rẹ̀ nígbà tó bá ń rà bàbà lókè: ilà dúdú kan wà ní etí iwájú apá, láti èjìká lọ dé ọrùn ọwọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àṣá mìíràn lápá ibí tó ní in.

Ọ̀rọ̀ àfín. Àwọn ìbejì ò jìnnà sí i, ṣùgbọ́n àfín kọ́. Èròjà tó ń fún ìyẹ́ ní dúdú àti àwọ̀ ilẹ̀, melanin ni wọ́n ń pè é. Àfín ò ní in rárá, kì í ṣe lára ìyẹ́ nìkan, tó fi dé ẹyinjú. Ìdí nìyẹn tí ojú ẹyẹ àfín fi máa ń pọ́n, ẹ̀jẹ̀ inú ojú lẹ̀ ń rí yẹn. Oòrùn máa ń pa irú ojú bẹ́ẹ̀ lára, àṣá tí kò bá sì ríran, ebi ni yóò pa á. Tiyín yìí ní ìyẹ́ pupa, ó ní èérún lórí, ó sì rí èkúté láti orí òpó. Ara ló ní èròjà, kò kàn dé gbogbo ìyẹ́ ni. Leucistic ni àwọn oníwèé ń pe irú wọn. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹyẹ, àmọ́ láàárín àwọn àṣá Amẹ́ríkà, onírù pupa yìí lẹ máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ jù. Òmíràn ní ìyẹ́ funfun kan ṣoṣo lápá, òmíràn dà bí aṣọ àdìrẹ tó ṣá, òmíràn á sì dà bíi tiyín. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń pa ìyẹ́ dà lọ́dọọdún ni funfun ń pọ̀ sí i lára wọn.

Ẹ bá mi ṣe ohun kan: ẹ wo ẹyinjú rẹ̀. Ojú ọmọ àṣá yìí máa ń pọ́n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ìyeyè, bó bá ti ń dàgbà ni yóò máa dúdú, títí yóò fi dà bí obì tó gbẹ. Níwọ̀n ìgbà tí ìrù ò ti lè sọ ọjọ́ orí ẹyẹ funfun fún wa mọ́, ojú ló kù tí a ó bi.

Ìnira tiẹ̀ wà. Melanin yẹn ló ń mú ìyẹ́ le. Ẹ wo ọ̀pọ̀ ẹyẹ funfun tó ń rìnrìn àjò, ẹ ó rí i pé ṣóńṣó apá wọn dúdú, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń lù jù. Ìyẹ́ tí kò ní in a tètè gbó létí. Síbẹ̀, wọ́n ti rí irú àṣá bẹ́ẹ̀ tó pẹ́ láyé, tó ní ẹnì kejì, tó sì tọ́mọ. Ẹ má bẹ̀rù fún un.

Ẹ ò sì gbọdọ̀ rò pé funfun nìkan ni àrà tí wọ́n ń dá. Lápá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, onírù pupa tó dúdú láti orí dé ẹsẹ̀ wà, tó jẹ́ pé ìrù nìkan ló pọ́n. Èyí tí wọ́n ń pè ní Harlan's, ọmọ Alaska, òmíràn nínú wọn dúdú bí isà ìkòkò, kò tiẹ̀ ní ìrù pupa gidi. Krider's ti àárín ilẹ̀ koríko náà mọ́ lára gan-an. Ìran ni tiwọn, bàbá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ rí bẹ́ẹ̀. Tiyín, òun nìkan ni. Pale Male, àṣá onírù pupa tí wọ́n pariwo rẹ̀ ní New York nígbà kan, ńkọ́? Orí rẹ̀ tó mọ́ ju tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ló fi gba orúkọ. Ilé olówó kan ní Fifth Avenue ló kọ́ ìtẹ́ sí láti 1993. Ní December 2004 wọ́n tú ìtẹ́ náà dànù, làwọn aráàlú bá jáde pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́, kí oṣù náà tó parí wọ́n ti dá àyè rẹ̀ padà fún un. Àṣá kan ṣoṣo o.

---

Adé_Ọlọ́run

Ẹ gbàdúrà o. Ẹyẹ funfun lórí òpó ní kùtùkùtù, tó tún yíjú wo yín. Ẹ má fi ṣeré.

---

Ìyá Ìbejì (Maryland)

Ẹ ṣé é, mo ti gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀, ẹyẹ náà sì wà lẹ́nu iṣẹ́ tiẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Àkànbí, ẹ kú làálàá. Mo ti yọ orúkọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojú yẹn ló mú mi, fóònù mi ò lè dé ibẹ̀. Mo máa wá nǹkan ṣe sí i.

---

Ọmọ Ọdẹ (Ìṣẹ́yìn)

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ ti sọ àṣá funfun di nǹkan bàbàrà. Níbí lọ́nà oko wa, mo máa ń rí i. Lánàá gan-an mo rí méjì. Ẹ wá fún mi lówó ìran.

---

Àkànbí (Allentown)

Ọmọ Ọdẹ, ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè mẹ́ta péré. Ṣé èjìká rẹ̀ dúdú? Ṣé ó máa ń dúró lójú kan ní òfuurufú, tí yóò máa ju apá láì lọ síwájú láì rẹ̀yìn? Ojú rẹ̀ ńkọ́?

---

Ọmọ Ọdẹ (Ìṣẹ́yìn)

Èjìká dúdú, bẹ́ẹ̀ ni. Òkè lẹ́yìn rẹ̀ rí bí eérú, ikùn ló funfun. Ó ń dúró lójú kan bíi pé wọ́n fi okùn so ó rọ̀, tó bá rí èkúté nínú pápá yóò wá máa rọra sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele ìpele. Ojú rẹ̀ pọ́n yòò. Ẹ ní ojú pípọ́n ni àfín, àbí? Ẹ ti jẹ gbèsè.

---

Àkànbí (Allentown)

Ẹ rọra! Black-winged kite nìyẹn, ẹyẹ tó wà káàkiri pápá Áfíríkà. Gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀, akọ àti abo. Ojú pípọ́n yẹn, àwọ̀ ojú rẹ̀ gan-an ni, àgbà ló ń fi hàn. Ọ̀pọ̀ àṣá kéékèèké ilẹ̀ wa ni ojú wọn máa ń pọ́n bí wọ́n bá ti dàgbà, ìyẹn ò sọ wọ́n di àfín. Ẹ ṣáà wò ó: ó ní dúdú léjìká, ó ní eérú lẹ́yìn. Àfín wo ló ń rí dúdú fi kun èjìká?

Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún yín, ojú yín mú. Àwọn tó ń gbé Ìbàdàn mìíràn ò mọ̀ ju “àṣá” àti “àwòdì” lọ.

---

Ọmọ Ọdẹ (Ìṣẹ́yìn)

Mo gbà. Bàbá mi ọdẹ ni, àwa ò sì pè é ní nǹkan mìíràn ju àṣá pápá lọ.

Nígbà tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín nípa òmíràn. Àwòdì a mọ̀ ọ́n, ìrù rẹ̀ là níparí, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá ń sun igbó ló ń dé, ẹ ó rí ogún nínú èéfín tó ń gbọ́n tata jẹ láti òfuurufú. Èyí tí mò ń sọ yìí kì í dúró de iná. Ó tóbi, ó rí bí eérú, apá rẹ̀ gbòòrò bí ẹní, orí rẹ̀ kéré. Igi ọ̀pẹ tí ẹ̀gà kọ́lé sí ló máa ń lọ dó tì. Á na apá gbàgàdà sára imọ̀ ọ̀pẹ, á so rọ̀ kodoro bí àdán, á wá ki ẹsẹ̀ bọ inú ilé ẹ̀gà, á fa ọmọ jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ́ síwájú, ó ń ṣẹ́ sẹ́yìn. Ẹ̀gà á pariwo títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu nìyí: ojú rẹ̀ rí bí ìyeyè nígbà tó bà, kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ojú náà ti pọ́n bí ata. Ṣé ẹyẹ méjì ni mo rí ni?

---

Àkànbí (Allentown)

Ẹyẹ kan náà ni! African harrier-hawk. Kò sí ìyẹ́ lójú rẹ̀, awọ lásán ni, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń sáré wá síbẹ̀ nígbà tára rẹ̀ bá gbóná: ìyeyè á di pupa níṣojú yín. Ẹsẹ̀ tó ń ṣẹ́ síwájú-sẹ́yìn yẹn, bí eegun rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, kó lè máa tọ ihò igi. Ó tún máa ń jẹ ẹyìn. Ọmọ Ọdẹ, ohun tẹ́ ẹ sọ yìí, àwọn kan á wọ bàálù torí àtirí i.

Àrà ti dúdú náà wà lọ́dọ̀ yín, tẹ́ ẹ bá lọ sókè díẹ̀ sí ilẹ̀ pápá. Àṣá kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Gabar goshawk. Eérú ni ọ̀pọ̀ wọn, àmọ́ àwọn kan dúdú kirikiri, ẹ ó sì lè rí dúdú àti eérú tí wọ́n jọ ń tọ́mọ. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

---

Adùkẹ́ (Reading)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí ará UK náà sọ tẹnu ẹ̀. Níbí, àwòdì oníyẹ́ pupa (red kite) ló ń fò lórí ilé wa bí ẹyẹlé. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, wọ́n ti pa wọ́n tán ní England. Láti 1989 dé 1994 ni wọ́n kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti Spain, wọ́n tú wọn sílẹ̀ ní àwọn òkè Chilterns, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí sí i dé ọ̀dọ̀ wa. Aládùúgbò mi kan máa ń ju ẹran adìẹ sí ẹ̀yìnkùlé fún wọn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo kígbe “àṣá!” bí ẹni pé mo ní adìẹ níta.

Èyí tó funfun ńkọ́? Ó wà ní Wales. Oko kan wà nítòsí Rhayader, Gigrin Farm, wọ́n máa ń ju ẹran síta níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòdì. Mo lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ mi. Láàárín gbogbo pupa yẹn, ọ̀kan gbà àárín wọn kọjá, ó funfun bí ìwé tí atẹ́gùn gbé. Gbogbo èèyàn inú ahéré ìwòran dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ ní àwọn ti ń rí funfun láàárín wọn ọjọ́ pẹ́. Ẹni tó ń du ẹran pẹ̀lú rẹ̀ ò ka àwọ̀ rẹ̀ sí, wọ́n jọ ń jà á gbà ni.

Ṣùgbọ́n buzzard, irú àṣá mìíràn níbí, ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Kò sí méjì tó jọra. Ọ̀kan á dúdú bíi kòkó, èkejì á funfun láyà títí dé abẹ́ apá, ẹni tí kò bá mọ̀ á pè é ní osprey, àṣá apẹja. Mo ti kó sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ní báyìí, tí mo bá ti rí ẹyẹ funfun, ìrísí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, mo ń gbàgbé àwọ̀ ná.

---

Ìyá Ìbejì (Maryland)

Mo ti dé o. Ọ̀sẹ̀ méjì àtààbọ̀ rèé. Ẹ má bínú, iṣẹ́ ni.

Mo ra bínókúlà, awò ìwòran ọ̀nà jíjìn, àlòkù ni, lọ́wọ́ bàbá kan tó ń tú ilé rẹ̀ palẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní in, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi tipẹ́? Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀kẹ́rẹ́ ni mo ń wò láti ojú fèrèsé títí mo fi pẹ́ ẹ́ gbé ìrẹsì ka iná.

Àárọ̀ Wednesday ni mo tún rí i. Mo wo ojú rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Àkànbí. Obì tó gbẹ gan-an ni, ó dúdú, ó tutù, ó tẹjú mọ́ mi. Àgbà ni. Wọ́n ní àwòdì òkè ò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Èyí mọ̀ ní tiẹ̀, ó kàn kà mí sí ẹni tí kò ṣeé jẹ ni. Kannakánná mẹ́ta wá ń gbá a lórí, wọ́n ń bú u, ó kàn ń tẹrí bí wọ́n bá ti ń kọjá, kò dìde. Nígbà tó yá ó ké. Ẹ ti gbọ́ igbe yẹn rí, gbogbo yín, nínú fíìmù: bí wọ́n bá ti fi ẹyẹ idì hàn lórí òkè, ohùn àṣá yìí ni wọ́n máa ń fi sí i lẹ́nu. Idì gidi, bí ọmọ adìẹ ló ń ké.

Ó ní ẹnì kejì! Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ pé ni, ìrù rẹ̀ pọ́n dòdò, ó wà lórí òpó kejì, kò ju ìwọ̀n pápá bọ́ọ̀lù kan lọ síra wọn. Mo rí i tó ṣẹ́ ẹ̀ka igi, tó gbé e lẹ́sẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé epo. Ìtẹ́ wà lẹ́yìn ibẹ̀, n kò sì ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé mo gbé Mọ́mì dání, torí wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn ń padà sílé ti ń súnmọ́, àwọn ò sì ní kúrò ní Amẹ́ríkà láìrí ẹyẹ tí mo ń fi ojoojúmọ́ sọ. Wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì méjì, wọ́n tún wé gèlè lé e. Bí a ṣe sọ̀kalẹ̀ ni Mọ́mì rí ìyẹ́ funfun kan nínú koríko abẹ́ òpó, ó tó ìka ọwọ́ méjì ní gígùn, ó mọ́ lóló. Wọ́n ti fẹ́ fi sínú Bíbélì wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Àkànbí ti kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ nígbà tí mo bi í: òfin ààbò ẹyẹ kan wà láti 1918, wọ́n sì fi àṣá kún un ní 1972, èèyàn ò gbọdọ̀ mú ìyẹ́ àwọn ẹyẹ wọ̀nyí lọ sílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ lo ti ṣà á. Láyé àtijọ́ wọ́n ń pa ẹyẹ torí ìyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe fìlà lọ́ṣọ̀ọ́, kò sì sí bí ọlọ́pàá ṣe máa mọ èyí tó já bọ́ fúnra rẹ̀. Mọ́mì ní òfin yẹn le jù. Wọ́n dá a padà sínú koríko, wọ́n tún fi ẹsẹ̀ tún un gbé kó dúró dáadáa.

A wá ẹyẹ náà títí. Orí òpó, kò sí. Etí òrùlé, kò sí. Ọkùnrin onírù pupa yẹn ń rà bàbà lókè (ẹ jẹ́ kí n pè é lọ́kùnrin, ó kéré díẹ̀ sí funfun, Àkànbí sì ní abo ló máa ń tóbi jù), mo sì rí ilà dúdú etí apá rẹ̀ tẹ́ ẹ sọ, ó hàn ketekete. Ṣùgbọ́n ìyàwó ò sí. Mo gbé bínókúlà, mo fọ gbogbo igi tó wà létí odò kékeré yẹn, ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Igi sycamore ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ igi yẹn, èèpo rẹ̀ máa ń ṣí kúrò lápá òkè, gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ á wá funfun bí eegun. Mo wò ó lọ, mo wò ó bọ̀, mo ní ká máa lọ sílé, òtútù ti ń mú Mọ́mì.

Mọ́mì ò dá mi lóhùn. Wọ́n ti bọ́ ìbọ̀wọ́ wọn, wọ́n na ìka sókè gbọnrangandan sí ẹ̀ka kan tí mo ti wò tó ìgbà mẹ́rin. “Ìwọ tó ní awò lójú,” ni wọ́n wí. “Òun nìyẹn.”